Ọkọ̀ Dúró, Ọjà Ń Jẹrà: Ọgbọ́n Ẹ̀rọ Tó Ń Tú Súnkẹrẹ-Fàkẹrẹ Ká

   

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti owó ìsọ̀, kì í sì í ṣe ti àjọ. Ọ̀rọ̀ gó-sílò ni. Ẹni tó bá ń tajà l'Ékòó tí gó-sílò ò tíì pa lẹ́kún rí, kó nawọ́ sókè ká rí i. Ẹ ò rí i pé kò sẹ́ni tó nawọ́?

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ara mi bẹ̀rẹ̀. Tòmátì ni mò ń tà. Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ tó kó ẹrù èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bọ̀ láti Kánò dé afárá Kara ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájọ́. Inú mi dùn. Mo ní kí aago mẹ́fà tó lù, ẹrù á ti balẹ̀ ní Máìlì 12. Àṣé mi ò mọ̀ pé ọkọ̀ tó ti rin nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kìlómítà láti òkè Ọya, ìwọ̀nba ọ̀nà díẹ̀ tó kù yìí ló máa há sí. Tírélà kan ti ṣubú dí ọ̀nà níwájú. Aago mẹ́fà lù, mẹ́jọ lù, mẹ́wàá lù. Mo pe dírẹ́bà lórí fóònù.

"Dírẹ́bà, ọmọ mi, ibo lo dé báyìí?"

"Màmá, ibi tí mo wà lẹ́ẹ̀kan náà ni mo ṣì wà o. Ẹ ṣáà máa bá wa gbàdúrà."

"Àdúrà kẹ̀? Ṣé tòmátì mọ àdúrà ni? Oòrùn ò wa ní pa á?"

"Màmá, omi rẹ̀ ti ń kán sílẹ̀. Ẹ má bínú, ẹjọ́ mi kọ́."

Aago méjì ọ̀sán ti kọjá kí ọkọ̀ tó wọlé. Tòmátì tí à bá tà ní líle, ìdajì owó la tà á fún àwọn tó fẹ́ lọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà. Àwọn apẹ̀rẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ ńkọ́? Orí ààtàn la dà wọ́n sí. Owó àjọ tí mo yá fi ra ẹrù kò mọ̀ pé tírélà ṣubú. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi san án.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń béèrè pé ṣé bó ṣe ń rí níbi gbogbo láyé nìyí. Ìbéèrè yẹn ló bí ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí.

INÁ TÓ LÓJÚ ÀTI INÁ TÍ KÒ LÓJÚ

Gó-sílò kò bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó. Nígbà tó ṣì jẹ́ pé ọkọ̀ tí ẹṣin ń fà ló kún ìgboro Lọ́ńdọ̀nù ni ọ̀nà ti ń dí mọ́ wọn lọ́wọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1868, wọ́n gbé iná adarí ọkọ̀ àkọ́kọ́ kalẹ̀ nítòsí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn. Gáàsì ló ń jó nínú rẹ̀, ọlọ́pàá ló sì ń fọwọ́ yí i. Kò pé oṣù kan tí gáàsì náà fi bú gbàmù, tó ṣe ọlọ́pàá tó ń yí i léṣe. Ni wọ́n bá pa á tì.

Ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1923, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tó ń jẹ́ Garrett Morgan, ará ìlú Cleveland, gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ adarí ọkọ̀ tó ṣe. Ohun tó fi kún un ni ipò kẹta láàrin "dúró" àti "máa lọ", kí ẹni tó ti wọ àárín oríta lè ráyè kọjá kí a tó ṣí ọ̀nà fún ẹlòmíì. Ẹ rí i pé ọwọ́ ọmọ aláwọ̀ dúdú náà wà nínú ọbẹ̀ ọ̀hún.

Àmọ́ iná àtijọ́ ní àbùkù kan: kò lójú. Bí ẹni pé ìyá oníbùbá kan jókòó sí ìsọ̀, tó ní ìṣẹ́jú méjì ni òun máa fún oníbàárà tó bá gba ọwọ́ ọ̀tún wá, ìṣẹ́jú méjì fún èyí tó bá gba ọwọ́ òsì wá. Bí ẹnì kankan ò bá sí lọ́wọ́ òsì, ó ṣì máa jókòó kó máa wo ibẹ̀ títí ìṣẹ́jú méjì á fi pé, nígbà tí ogún èèyàn ń pariwo "Màmá, ẹ dá mi lóhùn" lọ́wọ́ ọ̀tún. Ṣé ìyẹn á tajà? Kò lè tajà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni iná tí kò lójú ṣe ń darí ọkọ̀.

Láàrin àwọn ọdún 1970 ni àwọn olùwádìí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá ronú pé ó yẹ kí iná náà máa ríran. Wọ́n ṣe ètò kan tí wọ́n pè ní SCOOT, ìlú Glasgow ni wọ́n sì ti dán an wò. Wáyà ni wọ́n rì sínú títì, iná mànàmáná díẹ̀ ń sáré nínú rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá gorí wáyà náà, irin ara ọkọ̀ á yí ìṣesí iná yẹn padà. Kọ̀ǹpútà tó wà ní ọ́fíìsì á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ọkọ̀ kan ti kọjá. Báyìí ló ṣe ń kà wọ́n: ọ̀kan, méjì, ogún, ọgọ́rùn-ún. Ibi tí ọkọ̀ bá pọ̀ sí, á fi kún àkókò iná àwọ̀ ewé níbẹ̀. Ibi tó bá dá, á yọ díẹ̀ kúrò. Á tún so iná oríta kan mọ́ ti oríta tó tẹ̀ lé e, kó lè jẹ́ pé bí ọkọ̀ bá kúrò ní èkíní, kò ní í bá èkejì lórí pupa. Ní Ọsirélíà, ìlú Sydney ṣe tirẹ̀, wọ́n pè é ní SCATS, ọ̀pọ̀ ìlú láyé ló sì ti rà á lò.

Lónìí, kì í ṣe wáyà nìkan mọ́. Kámẹ́rà wà tó ń ka nọ́ńbà ọkọ̀, sátẹ́láìtì wà tó ń sọ ibi tí bọ́ọ̀sì dé. Àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní ètò ìrìnnà ọlọ́gbọ́n. Ní kúkúrú, ẹ fojú wò ó bíi títì tó lójú, tó létí, tó sì ní ọpọlọ.

ÀWỌN TÓ TI LÒ Ó

Ìlú Singapore kéré ní ilẹ̀, èèyàn ibẹ̀ sì pọ̀. Ní ọdún 1975 ni wọ́n ti sọ pé ẹni tó bá fẹ́ wa mọ́tò wọ àárín ìlú láàárọ̀ gbọ́dọ̀ ra ìwé kékeré kan lẹ̀ mọ́ ọkọ̀. Ní 1998, wọ́n fi ẹ̀rọ rọ́pò ìwé. Irin ńlá ni wọ́n gbé dábùú títì, bí ọkọ̀ bá ti kọjá lábẹ́ rẹ̀, owó á yọ lára káàdì tó wà nínú mọ́tò, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dúró. Ibi tó wá dùn níbẹ̀ ni pé iye owó náà ń yí padà. Nígbà tí gbogbo ayé bá fẹ́ kọjá, ó ń wọ́n. Nígbà tí ọ̀nà bá ṣófo, ó lè má tilẹ̀ sí owó rárá. Ta ló mọ irú ìyẹn ju àwa lọ? Ṣé iye kan náà la ń ta ata lọ́jọ́ ọdún àti lọ́jọ́ lásán?

Lọ́ńdọ̀nù náà tẹ̀ lé wọn. Ní oṣù Kejì ọdún 2003, wọ́n ní ẹni tó bá wa ọkọ̀ wọ àárín ìlú láàárín iṣẹ́ máa san pọ́n-ùn 5 lójúmọ́. Kámẹ́rà ló ń ka nọ́ńbà ọkọ̀, kò sí géètì, kò sí ẹni tó ń na ọwọ́ gba owó. Láàrin ọdún kan, ọkọ̀ tó ń wọ àdúgbò náà dín kù ní nǹkan bí 18 nínú 100. Wọ́n ti fi owó kún owó náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láti ìgbà náà. Àwọn ọmọ wa tó ń gbé lọ́hùn-ún mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí ẹni tó bá gbàgbé san, ìwé ìtanràn á bá a nílé.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Àwọn ìlú wọ̀nyẹn ní bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ ojú irin tí èèyàn lè bọ́ sí kí wọ́n tó ní kí ẹ má wa mọ́tò wá. A kì í gba ọ̀pá lọ́wọ́ arọ láìfún un ní nǹkan tí yóò fi rìn.

ÈKÓ TIWA ŃKỌ́?

Àwọn àgbà ọjà á rántí pé ní àwọn ọdún 1970, ìjọba ológun pàṣẹ l'Ékòó pé ọjọ́ kan ni ọkọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ gáǹgà máa jáde, ọjọ́ kejì ni èyí tó jẹ́ ṣàkáṣàká. Kí làwọn olówó ṣe? Wọ́n ra ọkọ̀ kejì! Èyí tí à ń sá fún tún wá di méjì. Àṣẹ wà níbẹ̀, ọgbọ́n ni kò sí.

Láti ìgbà náà, a ti rìn díẹ̀. Ọdún 2000 ni LASTMA bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oríta. Oṣù Kẹta ọdún 2008 ni bọ́ọ̀sì BRT bẹ̀rẹ̀, láti Máìlì 12 yìí gan-an lọ sí CMS, kìlómítà 22, pẹ̀lú ojú ọ̀nà tirẹ̀. Ọdún 2012 ni rédíò tiráfíìkì Èkó, 96.1 FM, dé, tó ń sọ ibi tó dí àti ibi tó ń lọ. Oṣù Kẹsàn-án 2023 ni ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù bẹ̀rẹ̀ láti Marina sí Máìlì 2. Oṣù Kẹwàá 2024 ni aláwọ̀ pupa bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èèyàn láti Agbado dé Ọyíngbò. Káàdì tí wọ́n fi ń san owó ọkọ̀ wọ̀nyí, Cowry ni wọ́n pè é, ìyẹn owó ẹyọ. Owó tí àwọn ìyá ńlá wa fi nájà ló tún padà wá di káàdì.

Àmọ́ èyí tó fa èmi lọ́kàn jù ni ti Àpápá. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ọjà òkè òkun ò jẹ́ gbàgbé. Tírélà á tò láti èbúté dé orí afárá, dé ojú márosẹ̀, wọ́n á wà níbẹ̀ fún ọjọ́, fún ọ̀sẹ̀. Abẹ́ ọkọ̀ làwọn dírẹ́bà ń sùn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wẹ̀. Owó tí wọ́n ná síbẹ̀, orí ọjà tiwa ni wọ́n gbé e lé. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2021, àwọn aláṣẹ èbúté bẹ̀rẹ̀ ìlànà kan, Ètò ni wọ́n sọ ọ́. Orúkọ Yorùbá gidi! Ìlànà náà ni pé kí tírélà má ṣe wá tò sójú títì mọ́. Kó dúró ní gáréèjì tí wọ́n yàn, kó forúkọ sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Bí ibi tó ti fẹ́ gbẹ́rù bá ti ṣe tán, wọ́n á fi tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí i lórí ẹ̀rọ pé ó kàn án. Ìgbà yẹn ló máa tó gbéra.

Ṣé ó ṣiṣẹ́? Ọ̀nà là ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ìráhùn fi bẹ̀rẹ̀ pé àwọn kan ń fowó ra ipò, pé ẹni tí kò tíì kàn ń kọjá ẹni tó ti kàn. Ẹ̀rọ ò gba rìbá, àmọ́ ọmọ ènìyàn tó dúró tì í lè gbà á. Ètò tí kò bá sí òótọ́ nídìí rẹ̀, orúkọ lásán ni.

FÓÒNÙ TÓ WÀ LỌ́WỌ́ YÍN

Ẹ má rò pé ti ìjọba nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí. Nínú fóònù tí ọ̀pọ̀ nínú yín fi ń wo fọ́tò ọmọ-ọmọ, àwòrán ọ̀nà wà níbẹ̀, irú bíi Google Maps. Ọ̀nà tó bá jẹ́ àwọ̀ ewé, ó ń lọ. Tó bá pọ́n, ó ti há. Báwo ló ṣe mọ̀? Fóònù àwọn tó wà nínú ọkọ̀ lójú ọ̀nà náà ló ń sọ fún un bí wọ́n ṣe ń yára tó. Bí ọgọ́rùn-ún fóònù bá ń rá pálá lójú kan, ó mọ̀ pé gó-sílò ti wà níbẹ̀.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo ti ń ṣe láti ọjọ́ tí tòmátì mi ti bàjẹ́, mo sì gbà yín nímọ̀ràn kí ẹ̀yin náà ṣe é.

Èkíní, kí ọkọ̀ ẹrù mi tó dé Ìbàdàn, mo ti ń wo ọ̀nà lórí fóònù, tàbí kí n ní kí ọmọ bá mi wò ó. Ẹni tí kò bá ní fóònù ńlá, kó gbọ́ rédíò. Bí ọ̀nà bá pọ́n, mo ń pe dírẹ́bà kó mọ̀ kó tó kó sí i, nítorí ẹni tó bá ti wọ àárín gó-sílò, ọgbọ́n ò ràn án mọ́.

Èkejì, a ti fẹnu kò pẹ̀lú àwọn ọlọ́kọ̀ pé wọn ò gbọ́dọ̀ gba ojú ọ̀nà BRT tàbí kí wọ́n gba wọ́n-wéè torí pé à ń kánjú. Ìjọba Èkó ti gbé kámẹ́rà tó ń ka nọ́ńbà ọkọ̀ sí àwọn ojú títì kan. Kámẹ́rà ò mọ "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi." Olóhun ọkọ̀ ni ìtanràn ń bá. Ẹni tó bá sì gba wọ́n-wéè, òfin gbà kí ilé ẹjọ́ gba ọkọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá. Ìyá tó ń sọ pé "Dírẹ́bà, bọ́ sí BRT, mo ń kánjú" ni yóò tún máa sunkún pé wọ́n ti gbé ọkọ̀ tòun tẹrù.

Ẹ̀kẹta, bí mo bá fẹ́ lọ ra nǹkan láìgbẹ́rù, mo ń fi mọ́tò sílẹ̀ nílé, mo ń wọ bọ́ọ̀sì tàbí ọkọ̀ ojú irin. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

ÈYÍ TÍ Ẹ̀RỌ Ò LÈ ṢE FÚN WA

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó máa dun àwa kan. Kọ̀ǹpútà ò lè dí kòtò. Kámẹ́rà ò lè gbé tírélà tó ṣubú. Bí iná ìjọba bá lọ tí kò sí ohun tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, iná oríta tó lójú náà á di afọ́jú. Iṣẹ́ ìjọba nìyẹn, a ò sì ní í yéé béèrè.

Àmọ́ ìdí tí ọ̀nà fi ń há lẹ́nu ọjà wa ńkọ́? Ta ló gbé igbá jáde láti inú ìsọ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà, láti ẹ̀gbẹ́ gọ́tà wá sórí ọ̀dà? Ta ló ní kí ọkọ̀ já ẹrù lójú títì láago mẹ́jọ àárọ̀ torí owó alábàárù? Títì tó yẹ kí ọkọ̀ mẹ́ta gbà lẹ́ẹ̀kan, a gba ọ̀kan fi pàtẹ, ọlọ́kọ̀ gba ọ̀kan fi gbèrò, ẹyọ kan ló kù fún gbogbo Èkó. Kí la fẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣe sí ìyẹn? Tòmátì tó rà sórí afárá Kara, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé èmi àti ìwọ náà la dí ọ̀nà mọ́ ọn.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ máa ní ìsọ̀ inú wọ́n, ẹ máa ní oníbàárà kì í wọ inú, ojú títì ni ọjà ti ń yá. Òótọ́ ni. Èmi náà ti jókòó lójú títì rí, mo ti gbé igbá sá fún àwọn agbófinró rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí a má ṣe dúró títí wọ́n á fi wá fi katakata kó wa. Kí ẹgbẹ́ wa fúnra rẹ̀ gbé ìmọ̀ràn kalẹ̀: kí a yan àkókò tí ọkọ̀ ńlá máa já ẹrù, kó parí kí ọmọ ilé ìwé àti òṣìṣẹ́ tó jáde. Kí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan yan ẹni tí yóò máa dúró lẹ́nu ọ̀nà lójoojúmọ́, kó máa sọ pé "Ìyá mi, ẹ fà á wọlé díẹ̀." Lẹ́yìn náà, kí a gba ọ́fíìsì ìjọba lọ pẹ̀lú ẹnu tó mọ́: ẹ fún wa ní ibi ìjáẹrù gidi, ẹ tan iná síbẹ̀, ẹ gbé kámẹ́rà wá, kí kámẹ́rà náà sì rí ẹni tó ń gba owó ẹ̀yìn bó ṣe rí ẹni tó ṣẹ̀. Kí ẹni tí wọ́n bá kọ ìtanràn fún láìtọ́ ní ibi tó ti lè sọ tẹnu rẹ̀.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé ẹ̀rọ wọ̀nyí á kàn di ọ̀nà míì láti gba owó lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù. Ẹ̀rù náà kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Ìdí tó fi yẹ kí a wà níbi tí wọ́n ti ń jíròrò rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí kò sí níbi tí wọ́n ti ń pín ẹran, egungun ló máa kàn án.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ìjọba á tún ọ̀nà ṣe, ẹ̀rọ á ka ọkọ̀, dírẹ́bà á pa òfin mọ́, àwa náà á fa igbá wa wọlé. Ọjọ́ tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá pé, tòmátì á dé ní líle, ẹja á dé ní tútù, a ó sì délé kí ọmọ tó sùn.

Nípàdé ẹgbẹ́ tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ àkókò ìjáẹrù ni mo fẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Kí olúkúlùkù wá pẹ̀lú ìmọ̀ràn tirẹ̀, kó má wá pẹ̀lú ìjà. Ọjà wa ò ní í jẹrà lójú ọ̀nà, a ò ní í bá ọ̀nà lọ́jọ́ tí ebi ń pa á.